Irin Tí Kò Lè Tẹ̀

Ìgbà ooru kúrú ní ìlú Łódź,
yìnyín á ti fọ́ ojú títì kí ó tó yọ́.
Òkúta tí àwọn ará ìgbàanì tò sójú ọ̀nà
rí bí eyín arúgbó: òmíràn yọ, òmíràn rì, òmíràn ń mì.
Orí eyín wọ̀nyí ni mo ń wa ọkọ̀ pupa mi kọjá,
ọkọ̀ oníjòkòó méjì tí àbúrò ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi,
ọkọ̀ eré, tí imú rẹ̀ ń gbóòórùn ilẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi tọ́jú owó iṣẹ́ alẹ́ ilé ìwòsàn.
Mi ò ra bàtà.
Mo fẹ́ kí ó le. Mo fẹ́ kí ó balẹ̀.
Mo fẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ kọ́nà
bí eèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

Ludomir, tó ń ya àwòrán egungun níbi iṣẹ́ wa,
ti ṣe tirẹ̀: sípíríǹgì tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé,
táyà tó wọ abẹ́ ara ọkọ̀
bí ojú ẹni tó dé fìlà bojú.
Ó ní kí n wọlé.
A dé ibi tí irin tíráàmù ti dábùú ọ̀nà,
gbì! Kọfí mi fò kan òrùlé.
Gbì! Ohun tí dókítà fi dí eyín mi lọ́dún tó kọjá
bọ́ sórí ahọ́n mi.
Ludomir ń rẹ́rìn-ín: "Ṣé o rí i bí ó ṣe dúró ṣinṣin?"
Mo rí i.
Irin tí kò lè tẹ̀, kò lè tẹ̀ lé ọ̀nà.
Táyà rẹ̀ ń fò lórí òkúta bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀,
bẹ́ẹ̀ táyà tó bá wà lófuurufú, kò di nǹkan kan mú.

Mo gbé tèmi lọ bá Walerian,
lẹ́yìn ilé iṣẹ́ òwú tó ti kú.
Kò wo ìwé ọjà tí mo kó wá. Ó bi mí pé,
"Ta ló máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"
Bàbá mi ni. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀.
Ìbàdí rẹ̀, irin ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀.
"Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti lọ sí pápá ìje?"
Mo dákẹ́ díẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀kan. Mo lọ wòran.

Ó gbé ọkọ̀ sókè, ó ki ọ̀pá bọ abẹ́ rẹ̀, ó mì í.
Rọ́bà tó so irin mọ́ irin ti gbẹ,
ó sán bí gìgísẹ̀ ẹni tí kì í wọ bàtà.
"Oríkèé ló ń dùn ún," ó wí, "ìwọ ń wá aṣọ tuntun fún un.
Rò ó kó tó rọ̀. Rò ó kó tó le.
Rọ́bà ni ká kọ́kọ́ pààrọ̀.
Kí sípíríǹgì le díẹ̀ ju ti àtijọ́,
kí ó balẹ̀ ní ìka méjì péré,
kí ṣọ́ọ̀kì sì gbọ́ èdè sípíríǹgì:
bí èyí bá ní ká fò, kí èkejì ní ó tó."
Mo fẹ́ bá a jiyàn. Owó ń yún mi lọ́wọ́.
Èyí tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀, eyín mi ni mo fi dí.

Lọ́jọ́bọ̀, bàbá mi wọlé,
ó di ilẹ̀kùn mú bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ.
Irin tíráàmù kọjá lábẹ́ wa
bí ọ̀rọ̀ tí a sọ sétí.
A wọ ọ̀nà igbó Łagiewniki. Kọ́nà kìíní.
Ọkọ̀ tẹ̀ díẹ̀, ó gbà á mọ́ra, ó di ilẹ̀ mú.
Mo kígbe pé, "Bàbá, ẹ ò rí i!"
Kò dáhùn.
Ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lára ilẹ̀kùn,
ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, oorun ti gbé e lọ,
orí rẹ̀ ń tẹ̀ lé kọ́nà, sọ́tùn-ún, sósì,
bí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́.
Mi ò dín eré kù.